Ẹ Bi Ògiri Léèrè Kí Ẹ Tó Ṣí Garawa Ọ̀dà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ kú àìsinmi. A kọ lẹ́tà yìí nítorí àwọn ilé tí àwọn òbí wa kọ́ láàárín ọdún 1945 sí 1970, tí àwọn ọmọ wọn ń tún ṣe báyìí ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Sùúrùlérè àti Ìkòyí. Bí òkú àgbà bá wà nílẹ̀, tàbí ìgbéyàwó ń bọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ẹbí máa ń rò ni pé kí wọ́n kun ilé. Wọ́n á pe akunlé nígbà tí ìnáwó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Akunlé á ha ohun tó bá rí, á fi síkíríìdì, ohun pípò tí wọ́n fi ń tẹ́ ojú ògiri, bo gbogbo rẹ̀, á kun ún. Ilé á dán gbinrin lọ́jọ́ ayẹyẹ. Nígbà tí òjò ọdún kejì bá rọ̀, ọ̀dà á wú bí èéwo, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ẹbí á sì ní ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún àwọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dà kò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n kun ún lé lórí ni wọn ò mọ̀.

Ilé tuntun kì í ní ohun púpọ̀ nínú: búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ, ó tán. Ilé ayé ìgbà náà kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ilé kan ṣoṣo ẹ lè bá ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bo lójú, ògiri búlọ́ọ̀kù oníhò tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, páálí àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì tí wọ́n fi pín ilé ìdáná, pákó ìrókò tí wọ́n fi wọ ògiri pálọ̀ láṣọ, àti tẹràsò, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n sì ha dán, tó ga dé ìbàdí lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Ọ̀dà tó bá ọ̀kan lára mu lè ba èkejì jẹ́. Àwọn kan sì wà nínú wọn tí kò yẹ kí ọ̀dà kàn rárá.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo ojú ògiri náà dáadáa. Bí ẹ bá rí ojú ibi tí páálí méjì ti pàdé, tí wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú náà, ẹ má lu ihò kankan sí i; a ó padà sórí ìyẹn. Bí kò bá ní ojú ìpàdé, ẹ fi ìka kàn án káàkiri. Ibi tó bá dún bí òkúta ló le. Ibi tó bá dún bí agbè òfìfo, sìmẹ́ǹtì ojú rẹ̀ ti ya kúrò lára ohun tó wà lẹ́yìn. Ẹ wá ibi kọ́lọ́fín, bí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, tí wáyà iná kò gbà kọjá, kí ẹ fi ìṣó gbẹ́ ihò kékeré tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Bí ìyẹ̀fun tó jáde bá kọ́kọ́ jẹ́ eléérú, tó wá di pupa, amọ̀ tàbí ilẹ̀pa ló wà lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì náà. Bó bá jẹ́ eléérú títí dé òpin, búlọ́ọ̀kù ni.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo ọ̀dà tó ti wà lójú ògiri. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Bí ọwọ́ yín bá funfun bí ẹni tó fọwọ́ kan ẹfun, dísítẹ́ńpà nìyẹn, ọ̀dà ìyẹ̀fun ẹfun tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ pò mọ́ omi, òun sì ni wọ́n fi kun ọ̀pọ̀ yàrá ìgbà náà. Ọ̀dà òde òní kì í dì mọ́ ọn. Lẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ á tún yọ́ nígbà tí omi ọ̀dà tuntun bá kàn án, gbogbo rẹ̀ á sì jọ ká kúrò bí awọ ejò. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti kànrìnkàn ni ẹ fi máa fọ̀ ọ́ kúrò tán pátápátá, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà léraléra. Bí ọwọ́ yín kò bá funfun, ẹ ti òwú bọ inú sípírítì, kí ẹ fi gbo ibi kékeré kan fún ìṣẹ́jú kan. Ọ̀dà olómi, èyí tí àwọn akunlé ń pè ní ìmọ́ṣọ̀n, á rọ̀, á sì bá òwú wá. Gílọ́ọ̀sì, ìyẹn ọ̀dà elépo tó ń dán, kò ní mira. Èyí tó kẹ́yìn ni pé kí ẹ fi abẹ fẹ́ẹ́rẹ́ fa ìlà mẹ́fà ní ìbú àti mẹ́fà ní òòró, kí ìlà kọ̀ọ̀kan fi mìlímítà méjì jìnnà síra, kí ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, kí ẹ sì fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá kó ọ̀dà àtijọ́ jáde, ọ̀dà tuntun tí ẹ bá kun lé e lórí á bá a jáde lọ́jọ́ kan.

Ògiri amọ̀ ni ká kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni àwọn akunlé ń bà jẹ́ jù. Ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bo kò yàtọ̀ sí ilé búlọ́ọ̀kù lójú ẹni tó ń kọjá. Ṣùgbọ́n amọ̀ ń mí. Ó ń fa omi mu láti ilẹ̀ nígbà òjò, ó sì ń tú u jáde lójú ògiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹfun tí àwọn àgbà fi ń kun ún kò dí i lọ́nà. Gílọ́ọ̀sì àti ọ̀dà nínípọn tó dà bí rọ́bà, irú tẹ́síkóòtù, ńṣe ni wọ́n dà bí kéèyàn wọ ẹ̀wù òjò sùn. Omi á gòkè, kò ní rí ọ̀nà jáde, á dúró sáàárín amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì. Amọ̀ á rọ̀, sìmẹ́ǹtì á já kúrò lára rẹ̀ lódidi. Iyọ̀ inú ilẹ̀ náà á bá omi gòkè, á gbẹ sábẹ́ ọ̀dà, á wú, á sì ti ọ̀dà síta. Ìyẹ̀fun funfun tí ẹ ń rí ní ìsàlẹ̀ ògiri nìyẹn. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, nítorí omi á tún yọ́ iyọ̀ náà padà sínú ògiri. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n sínú ike, kí ẹ sì lọ dà á nù síbi tó jìnnà sílé.

Ẹ gé ọ̀rá tí kò ní ihò, kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45 ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri fún odindi ọjọ́ kan. Bí ẹ bá ṣí i tí ẹ bá ìrì lẹ́yìn rẹ̀, tàbí tí ojú ògiri ṣókùnkùn ju àyíká rẹ̀ lọ, omi wà nínú ògiri, ẹ má kun nǹkan kan. Ẹ lọ wá ibi tí omi ti ń wọlé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti tún ṣe, kọnkéré tí wọ́n dà sí àgbàlá láìpẹ́ yìí ló ga ju ìpìlẹ̀ lọ, tí gbogbo omi òjò sì ń darí sára ògiri. Ilẹ̀ ìta gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ sí ilẹ̀ inú ilé. Ẹ wo páànù náà: bí etí rẹ̀ kò bá yọ síta tó, ara ògiri ni òjò ń rọ̀ sí. Lẹ́yìn tí ẹ bá tún ìyẹn ṣe, ẹ fún ògiri ní àkókò. Ògiri amọ̀ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 40 lè gba odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan kó tó gbẹ dénú. Kò sí ọ̀dà tó lè gbà á lọ́wọ́ ìyẹn, ohunkóhun tí ẹni tó ń tà á ì báà wí.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Omi náà kò yàtọ̀ sí aláǹgbá. Ibi tó bá dún bí òfìfo ni kí ẹ gé kúrò, kí ẹ gé etí rẹ̀ gún, kí ẹ má gé e ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn bíríkìlà máa ń fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́ta dí i. Ó le jù fún amọ̀. Amọ̀ ń wú, ó sì ń sunkì. Sìmẹ́ǹtì líle kò lè bá a jó, ó máa ya ni. Ẹ lo sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n 1, láìmù ìwọ̀n 2, yanrìn odò tí wọ́n ti fọ̀ ìwọ̀n 9. (Láìmù tí à ń wí kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́ o, ìyẹ̀fun òkúta sísun ni, inú àpò ni wọ́n ń tà á, bí sìmẹ́ǹtì.) Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sára amọ̀, kí ẹ rẹ́ ẹ ní ipele tí kò nípọn ju mìlímítà 10 lọ, kí èkíní le kí ẹ tó gbé èkejì lé e. Ẹ má lo yanrìn etíkun. Iyọ̀ inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọ̀dà sinmi láéláé.

Ọ̀dà tó yẹ ògiri amọ̀, àti sìmẹ́ǹtì aláìlágbára tó wà lójú rẹ̀, ni láìmù fúnra rẹ̀. Ẹ bu omi lítà 12 sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke, kí ẹ máa da láìmù kílò 10 sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ sì máa rò ó. Omi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí láìmù tó tẹ̀ lé e. Ẹ bò ó, kí ẹ fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ó tún sàn bó bá pé ọ̀sẹ̀ kan. Á ki bí ògì tútù. Ìwọ̀n rẹ̀ kan ni ẹ ó fi omi ìwọ̀n mẹ́ta lù, títí yóò fi ṣàn bíi wàrà, kí ẹ wá sẹ́ ẹ nínú asẹ́. Ẹ fi omi rin ògiri kí ó tutù ṣùgbọ́n kí ó má ṣàn, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ kun ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tó bá ṣì tutù, ẹ ó máa rò pé ẹ kò kun nǹkan kan, nítorí á dà bí omi lásán. Ọjọ́ kejì ló ń funfun. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akunlé ti ń ṣìnà: wọ́n á mú un ki kó lè bo ògiri lẹ́ẹ̀kan, á sì gbẹ di ìyẹ̀fun tó ń gbọ̀n sílẹ̀. Ẹ kun ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ọjọ́ kan wà láàárín ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún máa fi omi rin ín ṣáájú ìkọ̀ọ̀kan. Yàrá tó jẹ́ mítà mẹ́rin sí mẹ́rin, tí ògiri rẹ̀ ga ní mítà mẹ́ta, tí ẹ bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, jẹ́ nǹkan bíi mítà 40 níbùú lóròó. Lítà kan á kun bíi mítà márùn-ún, nítorí náà ìgbà kan á gba lítà 8, ìgbà mẹ́rin á gba 32. Àpò láìmù kílò 25 kan á tó irú yàrá bẹ́ẹ̀ mẹ́rin.

Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀, ẹ lo ìyẹ̀fun ọ́sáìdì tí àwọn oníṣẹ́ tẹràsò ń lò, pupa tàbí òféèfèé, kí ó má ju ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n láìmù gbígbẹ lọ. Àwọ̀ inú ọ̀dà olómi tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré kò dára fún un. Láìmù á jẹ púpọ̀ nínú wọn kúrò. Ọ̀yẹ́ gan-an kọ́ ni àsìkò rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ á gbẹ ẹ́ kó tó le. Òpin òjò ni, oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn má bá ojú ògiri náà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Bí láìmù bá ta sí ẹnikẹ́ni lójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ojú náà fún ó kéré tán 20 ìṣẹ́jú láìdúró, kí ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn. Láìmù kò sì ní dì mọ́ ojú ìmọ́ṣọ̀n tàbí gílọ́ọ̀sì. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ha ìyẹn kúrò tán.

Nípa sìmẹ́ǹtì àti gílọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ kan wà tó ṣe kókó. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń se ọṣẹ dúdú mọ̀ pé epo àti omi eérú ló ń para pọ̀ di ọṣẹ. Irú agbára tó wà nínú omi eérú wà nínú sìmẹ́ǹtì. Tí ẹ bá fi ọ̀dà elépo kun sìmẹ́ǹtì tuntun tàbí èyí tó rin, epo inú ọ̀dà náà á di ọṣẹ lójú ògiri gan-an: á rọ̀, á máa yọ̀, á sì bó. Akunlé á ní sìmẹ́ǹtì ló jó ọ̀dà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí sìmẹ́ǹtì tuntun fi gbọ́dọ̀ lo 28 ọjọ́ kó tó rí ìmọ́ṣọ̀n, tí páráímà, ọ̀dà àkọ́kùn, tí wọ́n ṣe fún sìmẹ́ǹtì sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́.

Ó kan páálí àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka apá yìí fún akunlé yín kó gbọ́. Àjà ni a mọ̀ ọ́n mọ́ jù, ṣùgbọ́n àwọn ilé ayé ìgbà náà tún lò ó fún ògiri ìpínyà, ilé ìdáná àti bọ́ìsì kọ́tà. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n pò mọ́ òwú òkúta, òwú náà sì sábà máa ń tó ìdá 10 sí 15 nínú 100. Fọ́nrán rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i. Bí èèyàn bá fà á símú, á dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró, àrùn jẹjẹrẹ tó ń fà sì lè fara hàn lẹ́yìn 20 sí 40 ọdún. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka gbogbo irú rẹ̀ mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán yà á sọ́tọ̀ kúrò lára páálí tí kò ní in, nítorí náà ẹ ka gbogbo páálí sìmẹ́ǹtì ayé ìgbà náà sí i.

Síbẹ̀, ẹ má sáré wó o. Páálí tó ṣì pé, tí kò sán, tí ẹnikẹ́ni kò dà láàmú, kì í tú fọ́nrán sílẹ̀ lọ títí. Ẹni tó fi òòlù fọ́ ọ lulẹ̀ láti fi POP rọ́pò rẹ̀ ló tú u sáfẹ́fẹ́ fún gbogbo ilé. Kíkùn sì dára fún un, nítorí ọ̀dà á dè é mọ́lẹ̀, bí ẹ bá ṣe é bó ṣe yẹ. Kò gbọ́dọ̀ sí sáńpépà, kò gbọ́dọ̀ sí búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà, kò gbọ́dọ̀ sí ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi, kò gbọ́dọ̀ sí lílu ihò tàbí fífá. Ẹ kó àwọn ọmọdé àti ẹrù jáde, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀. Akunlé gbọ́dọ̀ lo ìbòmú tí wọ́n kọ FFP3 tàbí P100 sí lára. Èyí tí a fi aṣọ rán lásìkò kòrónà kò lè dá fọ́nrán yẹn dúró. Ẹ fi aṣọ tó rin, tí kò kán omi, nu ojú páálí náà pẹ̀lẹ́, ẹ má gbá a, kí ẹ di aṣọ náà sínú ọ̀rá méjì. Páráímà tí agbára sìmẹ́ǹtì kò lè jẹ ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi róólà tàbí búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kun ún, lẹ́yìn náà ìmọ́ṣọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ ògiri ìpínyà, ẹ kun ojú rẹ̀ méjèèjì, kí iye ìgbà sì dọ́gba. Páálí tí wọ́n dí lójú kan tí wọ́n sì fi èkejì sílẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, nítorí ojú tó ṣí ń bá afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n dí kò lè bá a ṣe é. Páálí tó bá ti fọ́ kúrò ní iṣẹ́ akunlé. Ẹ wá ẹni tó kọ́ṣẹ́ yíyọ rẹ̀. Kó tó dé, ẹ wọ́n omi tí ẹ fi ọṣẹ olómi díẹ̀ sí sójú ibi tó fọ́, kí ẹ ti yàrá náà pa.

Búlọ́ọ̀kù oníhò ni ẹwà ilé ayé ìgbà náà. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán-ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń yàwòrán Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1948, irú ògiri olójú púpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣíji bo inú ilé tí atẹ́gùn sì tún ń wọlé. Àwọn ilé àdáni ní Bódìjà àti káàkiri ìlú gba àrà náà. Àwọn kan ń fi sìmẹ́ǹtì dí i báyìí, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ ra ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó ṣí sílẹ̀.

Kíkùn rẹ̀ ń tan akunlé jẹ lórí ìwọ̀n. Ẹ mú búlọ́ọ̀kù tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 sí 30, tó nípọn ní 10, tó ní ihò mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 10 sí 10. Lójú ẹni tó ń wọn ògiri, sẹ̀ǹtímítà 900 níbùú lóròó ni. Ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ihò kúrò jẹ́ 500, ẹ̀yìn rẹ̀ 500, inú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin 1,600. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,600, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà ògiri oníhò tó jẹ́ mítà 10 níbùú lóròó á jẹ ọ̀dà ti mítà 29. Ojú búlọ́ọ̀kù rí wúruwùru, lítà kan kò lè kun ju mítà 7 lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì á gba lítà 8 àti díẹ̀. Akunlé tó ra gálọ̀ọ́nù lítà mẹ́rin kan péré máa pò ó mọ́ omi kó lè tó ni, ọdún kan kò sì ní pé kó tó ṣí.

Ohun aláwọ̀ ewé àti dúdú tó ń hù sára rẹ̀ nígbà òjò ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Jíìkì ìwọ̀n kan, omi ìwọ̀n mẹ́ta. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun líle pa á, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ gbo ó, kí ẹ fi omi púpọ̀ ṣan án. Ẹ má pò jíìkì mọ́ ásíìdì tàbí ọṣẹ ìfọlé mìíràn, èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde ń pani. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì tí òjò kò rọ̀. Lẹ́yìn náà, inú ihò ni ẹ ó kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun, kí ẹ tó fi róólà kun ojú. Àwọn tó ń kun ojú ṣáájú máa ń fi ọ̀dà tó kán kalẹ̀ láti inú ihò ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́. Ẹ kun ún fẹ́lẹ́, nítorí ọ̀dà tó nípọn á yí igun ihò po, gbogbo ìlà mímú tí òjìji ń tẹ̀ lé á sì parẹ́.

Pákó ni tiwa tó ń dùn wá jù. Ìrókò tàbí ọ̀gànwó tó ti wà lára ògiri láti 60 ọdún, ẹnì kan á ní ó ti ṣókùnkùn jù, kí wọ́n kun ún ní funfun. Èrò tiwa ni pé kí ẹ má ṣe é. Ẹ fi sípírítì fọ pọ́líìṣì àtijọ́ kúrò, kí ẹ tún un pọ́líìṣì, á mọ́lẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Bí ẹ bá ta kú pé kíkùn ni, ẹ mọ̀ pé ìrókò ní oje kan nínú tí kì í jẹ́ kí ọ̀dà elépo gbẹ. Gílọ́ọ̀sì tí ẹ kun lé e lè máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀gànwó ní tirẹ̀ á tu àwọ̀ pupa rẹ̀ la ìmọ́ṣọ̀n funfun kọjá, iye ìgbà yòówù kí ẹ kun ún. Fún àwọn méjèèjì, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú sípírítì nu pákó, kí ó gbẹ, kí ẹ sì fi ṣẹ́láàkì tí àwọn káfíńtà fi ń ṣe pọ́líìṣì kun ún lẹ́ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìyẹn ló ń sé oje náà mọ́lẹ̀. Ẹ fi sáńpépà 220 ha á díẹ̀, kí ẹ tó kun ọ̀dà tí ẹ fẹ́. Ẹ bo imú yín nígbà tí ẹ bá ń ha ìrókò, ìyẹ̀fun rẹ̀ ń ta imú àti awọ ara. Bó bá jẹ́ pé pílááwúùdù ni, tí pákó gidi wà lójú rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí páálí ìwé, ẹ má gbé ẹ̀rọ ìhapákó dé ibẹ̀, á gún un yọ lójú ẹsẹ̀.

Ojú fèrèsé àti ilẹ̀kùn ìgbà náà tún ní ewu tiwọn, nítorí òjé, irin olóró, wọ́pọ̀ nínú gílọ́ọ̀sì ayé ìgbà náà. Amẹ́ríkà kò fòfin dè é nínú ilé gbígbé títí di ọdún 1978. A sì ti rí ohun tí òjé tó jáde láti inú òkúta góòlù ṣe fún àwọn ọmọdé ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010. Ẹ má fi iná sun ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, kí ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ọmọdé àti aláboyún má sì sí nítòsí.

Tẹràsò ògiri kò fẹ́ ọ̀dà. Bí ẹnì kan bá ti kun ún tẹ́lẹ̀, ẹ lo oògùn ìyọ̀dà, kí ẹ fi ike ha á, kì í ṣe irin. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ásíìdì fọ̀ ọ́, tàbí ọsàn wẹ́wẹ́, nítorí òkúta mábù inú rẹ̀ á hó, á sì di wúruwùru. Ògiri búlọ́ọ̀kù ilẹ̀pa tí wọ́n fi sílẹ̀ láìrẹ́ náà kò fẹ́ ọ̀dà. Demas Nwoko, ayàwòrán-ilé ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice lọ́dún 2023, fi irú rẹ̀, ilẹ̀pa tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, kọ́ ilé ní Ìbàdàn, àwọ̀ ilẹ̀ náà ló sì fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀ nù, ó tó.

Bí ìnáwó bá ti kù sí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fọ ògiri, ẹ ta aṣọ sójú ibi tí kò dára, kí ẹ fi kíkùn sílẹ̀ di ẹ̀yìn ayẹyẹ. Nígbà tí ẹ bá sì kun ún tán, ẹ mú kálàmù, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mítà iná, yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: ohun tí ògiri náà jẹ́, ibi tí àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì wà, páráímà tí ẹ lò, irú ọ̀dà, àwọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, iye ìgbà tí ẹ kun ún, oṣù àti ọdún.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

Àwa akunlé àti bíríkìlà tó ń tún ilé àtijọ́ ṣe,
Ìbàdàn.